Ẹnu Rírùn, Síwáàkì àti Àwọn Kòkòrò Inú Ẹnu: Kí Ni Ìtàn Kọ́ Wa?

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí Ó dá ẹnu fún wa, tí Ó fi ahọ́n sí i kí á lè máa fi ṣe ìrántí Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Islām, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tijú láti sọ. Ẹ wà nínú sàfù, èjìká kan èjìká, ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín ṣe “Āmīn”, ẹ kàn rí i pé ẹ ti yí ojú sí òdìkejì. Ìyàwó kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sún mọ́ òun, kò sì mọ bí òun yóò ṣe sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi ọwọ́ bo ẹnu ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Èyí tí ó tún wá le níbẹ̀ ni pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń rùn gan-an lè má mọ̀, nítorí pé òórùn ara ẹni máa ń mọ́ imú ẹni lára.

Àwọn kan sọ pé inú ni ó ń rùn, wọ́n sì ń mu àgbo lóríṣiríṣi. Àwọn kan ń ra oògùn tí wọ́n ń pè ní “probiotics”, èyí tí àwọn tí ń tà á sọ pé yóò kó kòkòrò rere sí ẹnu. Àwọn mìíràn ń pín àtẹ̀jíṣẹ́ kiri lórí WhatsApp pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí síwáàkì ń ṣe ni. Èwo ni òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀? Kí á tó lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí á padà sínú ìtàn.

Síwáàkì ní ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a)

Igi kan wà ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní arāk. Àwọn onímọ̀ nípa igi ń pè é ní Salvadora persica. Gbòǹgbò àti ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń gé, wọn a rún orí rẹ̀ títí yóò fi rí bíi búrọ́ọ̀ṣì, wọn a sì fi fọ eyín. Òun ni síwáàkì tí a mọ̀ jùlọ.

Ìyá wa Àìṣá sọ fún wa pé bí Ọ̀jíṣẹ́ Ọlọ́hun bá wọ ilé rẹ̀, síwáàkì ni ó máa ń kọ́kọ́ mú. Hudhayfah náà sọ pé bí ó bá dìde ní òru, ó máa ń fi síwáàkì fọ ẹnu rẹ̀. Nínú hádíìsì Abū Hurayrah, Ànábì jẹ́ kí á mọ̀ pé bí kì í bá ṣe pé òun kò fẹ́ ni ìjọ òun lára ni, òun ìbá pàṣẹ rẹ̀ fún wa níbi gbogbo ìrun. Ó sì kọ́ wa pé síwáàkì ń fọ ẹnu mọ́, ó sì ń mú ìyọ́nú Olúwa wá.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí ó fi ayé sílẹ̀, ní ọdún 11 Hijra, tí í ṣe 632. Ó fara ti àyà Àìṣá. Àbúrò-lọ́kùnrin tàbí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni Abdur-Rahmān pẹ̀lú Àìṣá. Òun ni ó wọlé pẹ̀lú síwáàkì ní ọwọ́. Ànábì tẹjú mọ́ síwáàkì náà. Àìṣá mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ. Ó gbà á, ó rún un títí ó fi rọ̀, ó sì fi fún un. Ó ní òun kò rí i kí ó fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa tó báyìí rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó jáde láyé. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó ń lọ pàdé Olúwa rẹ̀ ni ó ṣì ń fọ ẹnu rẹ̀ báyìí. Kí ni àwáwí tiwa tí ara wa yá gágá?

Kò tán síbẹ̀. Ó sọ pé ẹni tí ó bá jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà tútù kí ó má sún mọ́ mọ́sálásí, nítorí pé ohun tí ń ni ọmọ ènìyàn lára ń ni àwọn Màláíkà lára. Bákan náà ni ó mu wàrà ní ọjọ́ kan, ó bu omi, ó fi yọ ẹnu, ó sì sọ pé ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé òórùn ẹnu jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tí ó dúró tì wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge lásán.

Àwọn onímímọ̀ wa àti ọ̀rọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

Ẹ kíyè sí ohun kan. Kò sí ibi tí Ànábì ti sọ pé nítorí kòkòrò ni kí á ṣe máa lo síwáàkì. Ìmọ́tótó ẹnu àti ìyọ́nú Ọlọ́hun ni ó sọ. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu kí á lè borí nínú àríyànjiyàn. Ohun tí ó sọ ti tó wa.

Àwọn onímímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ wo àǹfààní síwáàkì pẹ̀lú ojú ìṣègùn ayé wọn. Ibn al-Qayyim, tí ó kú ní Dàmásíkù ní ọdún 751 Hijra (1350), kọ nípa bí ó ṣe ń mú ẹnu dùn, tí ó sì ń mú èrìgì lágbára. Ṣùgbọ́n ó tún kìlọ̀ ohun méjì tí àwọn tí ń pín àtẹ̀jíṣẹ́ kì í sábà mẹ́nu bà. Èkíní, kí ènìyàn má lò ó ní àlòjù, nítorí pé ó lè bó dídán eyín lọ. Èkejì, kí ènìyàn má gé e lára igi tí kò mọ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ májèlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí sí ọkàn. A óò padà sí i.

Oníṣòwò aṣọ tí ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Ànábì kí ojú ọmọ ènìyàn tó rí àwọn kòkòrò inú ẹnu. Ẹni tí ó rí wọn kì í ṣe dókítà. Oníṣòwò aṣọ ni, Antoni van Leeuwenhoek, ní ìlú Delft ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe àwọn dígí kéékèèké tí ń mú ohun tí ó kéré tóbi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1683, ó kọ lẹ́tà sí Royal Society ní Lọ́ńdọ́nù. Ó ní iyọ̀ ni òun fi ń fọ eyín òun láràárọ̀, òun sì máa ń fi omi yọ ẹnu. Síbẹ̀, nígbà tí òun ha ohun funfun tí ó wà láàárín eyín, tí òun sì wò ó, òun rí àwọn ẹ̀dá alààyè wínníwínní tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń pòyì. Ó ní àwọn tí ó wà ní ẹnu òun nìkan pọ̀ ju àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè òun lọ. Ó wo ti bàbá àgbàlagbà kan tí kò fọ ẹnu rẹ̀ rí láyé. Tirẹ̀ pọ̀ kọjá sísọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó ṣe ohun mìíràn tí ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Ó rí i pé bí òun bá da ọtí kíkan mọ́ àwọn kòkòrò náà lórí dígí, wọ́n máa ń kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ọtí kíkan yìí kan náà yọ ẹnu, tí ó sì tún ha àárín eyín rẹ̀ wò, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ láàyè. Ó mòye pé ọtí kíkan náà kò wọlé dé ibi tí wọ́n kó ara wọn jọ sí. Títí di òní, ìdí nìyí tí omi ìfọnu kò fi lè ṣe iṣẹ́ tí orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe. Ohun tí ó lẹ̀ mọ́ eyín, à á ha á kúrò ni. A kì í fi omi lásán tàn án.

Ìgbà tí wọ́n ka gbogbo kòkòrò sí ọ̀tá

Nǹkan bí igba ọdún kọjá kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò náà ń ṣe. Ní 1890, oníṣègùn eyín ọmọ Amẹ́ríkà kan, Willoughby Dayton Miller, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde. Ó ṣàlàyé pé àwọn bakitéríà inú ẹnu ni wọ́n ń sọ oúnjẹ dídùn di omi kíkan, omi kíkan yìí ni ó sì ń jẹ eyín. Òótọ́ ni, ó sì ṣe aráyé ní àǹfààní.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tẹ̀lé e. Ní 1910, dókítà ọmọ ilẹ̀ Britain kan, William Hunter, sọ̀rọ̀ ní Montreal ní Kánádà pé ìdọ̀tí inú ẹnu ni orísun ọ̀pọ̀ àìsàn ara. Lẹ́yìn rẹ̀, ní bí ogún sí ọgbọ̀n ọdún, àwọn oníṣègùn fa eyín àìlóǹkà ènìyàn yọ nítorí oríkèéríkèé dídùn àti àwọn àìsàn mìíràn tí eyín kò mọ nǹkan kan nípa wọn. Wọ́n ń lé kòkòrò, wọ́n sì ń pàdánù eyín.

Àwọn oníṣòwò náà kò gbẹ́yìn. Joseph Lawrence ní Amẹ́ríkà ṣe Listerine ní 1879 gẹ́gẹ́ bí oògùn apakòkòrò fún iṣẹ́ abẹ. Láàárín ọdún 1920 sí 1929, wọ́n ń polówó rẹ̀ fún ẹnu rírùn. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìṣègùn kan tí àwọn ará ìta kò mọ̀, “halitosis”, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí ń ba àwọn ọ̀dọ́bìnrin lẹ́rù pé àwọn kò ní rí ọkọ fẹ́. Ọjà tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ ọgbọ́n yìí: ẹni tí ó bá fẹ́ ta oògùn fún yín lè kọ́kọ́ ta ìbẹ̀rù fún yín.

Wàrà kíkan àti ìbẹ̀rẹ̀ “probiotics”

Ní àkókò yẹn kan náà, àwọn kan ń bi ara wọn bóyá gbogbo kòkòrò ni ọ̀tá. Ní 1905, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Bulgaria kan, Stamen Grigorov, tí ó wà ní Geneva, rí bakitéríà tí ń sọ wàrà ilé wọn di kíkan. Yọ́gọ́ọ̀tì ni wàrà náà. Ọ̀rọ̀ èdè Túrúkì sì ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé oúnjẹ àwọn ènìyàn náà ni láti ayébáyé.

Élie Metchnikoff, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris, gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ Bulgaria máa ń pẹ́ láyé. Nínú ìwé tí ó ṣe ní 1907, ó sọ pé àwọn kòkòrò tí ń mú oúnjẹ rà nínú ìfun ni ó ń sọ ènìyàn di arúgbó, àti pé kòkòrò inú wàrà kíkan lè lé wọn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: kì í ṣe nítorí yọ́gọ́ọ̀tì ni wọ́n fi fún un; nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń bá àrùn jà ni. Òun fúnra rẹ̀ ń mu wàrà kíkan lójoojúmọ́, ó sì kú ní 1916 ní ọmọ ọdún 71. Àkókò ẹnìkọ̀ọ̀kan wà ní ọwọ́ Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ kò kú. Ní 1930, Minoru Shirota ní Japan yan irú bakitéríà kan tí ó lè la inú ènìyàn já láìkú, ní 1935 ó sì di ohun mímu tí wọ́n ń tà. Ní 2001, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí àjọ FAO àti WHO pè jọ pàdé ní Córdoba, ti Argentina, kì í ṣe Córdoba ti Andalusia tí ẹ mọ̀ nínú ìtàn Islām. Wọ́n fẹnu kò pé probiotics ni kòkòrò àìfojúrí tí ó wà láàyè, tí ó máa ń ṣe ara láǹfààní bí ènìyàn bá gbà á ní ìwọ̀n tí ó tó. Ẹ mú ohun mẹ́ta níbẹ̀: kí ó wà láàyè, kí ó tó ìwọ̀n, kí àǹfààní rẹ̀ sì ní ẹ̀rí. Bí ọ̀kan bá dín nínú mẹ́ta yìí, orúkọ lásán ni wọ́n ń tà.

Nílé tiwa, omidùn orí ògì àti nọ́nò àwọn Fúlàní ní irú bakitéríà tí ń mú nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti se ògì di ẹ̀kọ, iná ti pa wọ́n. Omi tí kò mọ́ tí wọ́n fi sẹ́ ògì sì lè kó ìgbẹ́ gbuuru bá ẹni tí ó mu omidùn ní tútù.

Níbo gan-an ni òórùn ti ń wá?

Joseph Tonzetich, ní yunifásítì British Columbia ní Kánádà, ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí láti bí ọdún 1960 sókè. Ó fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí ó ní imí-ọjọ́ nínú ni ó ń rùn lẹ́nu, irú èyí tí ẹyin tí ó ti bàjẹ́ máa ń yọ. Àwọn bakitéríà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ń gbé ẹ̀yìn ahọ́n àti abẹ́ èrìgì, wọ́n ń jẹ ìyókù oúnjẹ, awọ ẹnu tí ó ti kú, àti ẹ̀jẹ̀ èrìgì.

Nítorí náà, ẹnu fúnra rẹ̀ ni ẹnu rírùn ti ń wá jùlọ, kì í ṣe inú. Ẹni tí ó ń mu àgbo nítorí rẹ̀, tí kò sì fọ ahọ́n rí, ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbá nígbà tí ìdọ̀tí wà ní pálọ̀. Lóòótọ́, ó lè wá láti imú, láti bèlúbèlú, tàbí láti àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn kíndìnrín. Ìdí nìyí tí èyí tí kò bá lọ fi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Itọ́ ni ó ń fọ ẹnu wa láìsinmi. Bí a bá sùn, itọ́ máa ń dínkù, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń rùn láàárọ̀. Ẹ wá rántí hádíìsì Hudhayfah: ìgbà tí Ànábì bá jí dìde ni ó máa ń mú síwáàkì.

Wọ́n tún ti rí i pé oríṣi bakitéríà tí ó ń gbé ẹnu ọmọ ènìyàn lé ní 700, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ṣe ibi. Àwọn kan lórí ahọ́n tilẹ̀ ń yí ohun kan tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ padà sí ohun tí ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti má ru sókè. Omi ìfọnu tí ó le, tí ènìyàn ń lò láìsinmi, ń pa àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú ọ̀tá. Ẹ rántí Ibn al-Qayyim àti ọ̀rọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ní yunifásítì Otago ní New Zealand, John Tagg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá rí irú bakitéríà kan tí ń gbé ẹnu àwọn kan, tí ó máa ń lé àwọn bakitéríà mìíràn sẹ́yìn. Wọ́n pè é ní Streptococcus salivarius K12. Ní 2006, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn fún àwọn ènìyàn díẹ̀ lá lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ẹnu wọn mọ́ pẹ̀lú oògùn, afẹ́fẹ́ tí ń rùn sì dínkù. Ẹ gbọ́ dáadáa: lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ẹnu mọ́ ni. Kò sí ẹni tí ń gbin ẹ̀fọ́ sórí ààtàn tí kò tíì ro. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí eyín rẹ̀ ti lu ihò, probiotics kò ní wo ìyẹn sàn. Kò sì léèwọ̀ láti lò ó, bí ohun tí wọ́n fi ṣe é bá jẹ́ halāl. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìfọnu.

Orín tiwa náà ní ìtàn

Kí Islām tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba wa ti ń rún orín: orín ata, orín ìdí, pákò Ìjẹ̀bú, igi ewúro. Nígbà tí ẹ̀sìn dé, àwọn Mùsùlùmí kò ju orín nù. Wọ́n fi àníyàn sunna sí i. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ni ó gbà pé igi mìíràn tí ń fọ ẹnu mọ́, tí kò sì pa ènìyàn lára, ń ṣiṣẹ́ síwáàkì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé arāk ni ó dára jùlọ.

Ní 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Abayomi Sofowora wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí bí omi àwọn orín wa ṣe ń bá kòkòrò jà. Ibẹ̀ ni ojú ti là sí orín ata, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ fún àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Sweden tẹ̀ ẹ́ jáde pé ohun kan nínú gbòǹgbò arāk ń pa irú àwọn bakitéríà tí ń ba èrìgì jẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé náà ti gbà kí àwọn ènìyàn máa lo orín láti 1986. A dúpẹ́ fún ìmọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ká ní wọn kò rí nǹkan kan, a óò ṣì máa lò ó, nítorí pé Ànábì lò ó.

Kí ni kí á ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ sọ jí síwáàkì níbi àlùwàlá, níbi ìrun, bí ẹ bá jí àti bí ẹ bá wọ ilé. Ẹni tí ó ṣe èyí ti fọ ẹnu ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ ní ọjọ́ kan.

Èkejì, ẹ fọ ahọ́n, pàápàá ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì yọ ohun tí ó há sí àárín eyín. Orín àti búrọ́ọ̀ṣì kì í ṣe orogún. Ẹ lo ọṣẹ ìfọyín náà, nítorí fluoride inú rẹ̀ ń dáàbò bo eyín.

Ẹ̀kẹta, nínú ààwẹ̀, ẹ má fi hádíìsì tí ó sọ pé òórùn ẹnu aláààwẹ̀ dára lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ju mísíkì lọ ṣe àwáwí fún ìdọ̀tí. Nínú mazhab Mālik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, síwáàkì gbígbẹ kò burú fún aláààwẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Èyí tí ó tutù, tí omi rẹ̀ ń jáde, ni wọn kò fẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnu ẹlòmíràn bá ń rùn, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ fún un ní síwáàkì bí ẹ̀bùn, kí ẹ sì bá a lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún ni à á fi fà á mọ́ra. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sínú títí yóò fi di ìkórìíra.

Ẹ̀karùn-ún, èrìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀ àti òórùn tí kò lọ lẹ́yìn ìfọnu dáadáa, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni kí ẹ gbé wọn lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀.

Ẹnu tí a fi ń ké Kùránì ni. Kí Allāhu fọ ẹnu wa mọ́ kúrò nínú òórùn, kí Ó sì fọ ahọ́n wa mọ́ kúrò nínú irọ́, òfófó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Kí Ó jẹ́ kí ìmọ̀ yìí ṣe wá ní àǹfààní láyé àti lọ́run. Āmīn.